Ìdí Tí Oníṣẹ́ Fọ́tò Fi Lè Yan Kámẹ́rà Rangefinder

A ní kí n wá sọ ìdí tí mo fi ń gbé kámẹ́rà kékeré yìí kiri ní ìlú Ọ̀tà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ń gbé èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Nínú kámẹ́rà ńlá tí ẹ ti rí lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́, dígí ìwojú kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì. Òun ni ó ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí wá sí ojú ẹni tí ń ya fọ́tò. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, dígí náà yóò fò sókè pẹ̀lú ariwo, ojú oníṣẹ́ yóò sì ṣókùnkùn ní ìgbà náà gan-an tí àwòrán ń wọlé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Rangefinder ni àwọn Òyìnbó ń pè é, èyí ni pé, ó ń wá bí nǹkan ti jìnnà tó. Fèrèsé méjì ni ó ní níwájú, tí wọ́n jìnnà díẹ̀ sí ara wọn bí ojú méjèèjì ọmọ ènìyàn. Bí mo bá wo inú rẹ̀, mo ń rí ẹni tí mo fẹ́ yà ní méjì, ọ̀kan lórí èkejì. N óò máa yí òrùka lẹ́ńsì títí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé yóò hàn kedere.

Jámánì ni ó ti wá. Oskar Barnack, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ernst Leitz ní Wetzlar, ni ó ṣe kámẹ́rà kékeré tí ń lo fíìmù sinimá, ní nǹkan bí ọdún 1914. Ní 1925 ni ó dé ọjà ní orúkọ Leica, ní 1932 ni wọ́n sì so fèrèsé ìwọ̀n yìí mọ́ lẹ́ńsì. Ní ọdún náà ni Henri Cartier-Bresson, ará Faransé tí ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní Côte d'Ivoire, ra tirẹ̀, ó sì fi í ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀.

Nítorí pé dígí ìwojú kò sí láàárín, ẹ̀yìn lẹ́ńsì lè wọlé súnmọ́ fíìmù. Èyí ni ó jẹ́ kí lẹ́ńsì tí ń gba ibi gbígbòòrò, bíi ti mílímítà 35 tàbí 28, lè kéré, kí ó sì mọ́ dé etí àwòrán. Ẹni tí ó bá ti ya ìkómọ nínú yàrá tóóró yóò mọ ìwúlò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti lẹ́ńsì nìkan kọ́. Ní kùtùkùtù ní Sàngó, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń jáde lẹ́nu-ọ̀nà ilé-iṣẹ́, fèrèsé mi a máa fi ohun tí ó wà lẹ́yìn ààlà àwòrán hàn mí. Mo ń rí ẹni tí ń bọ̀ kí ó tó dé inú rẹ̀. Ní ti ariwo, mo wà níbi ìsìnkú kan tí opó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́, tí kámẹ́rà oníṣẹ́ kan ń dún pàkà pàkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó lajú, ó sì wò wá. Ìwò náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹnìkan lè ní, fóònù kò ha dákẹ́ bí? Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e sókè, fóònù ni ó ń wò, kì í ṣe ènìyàn.

N kò ní fi àbùkù tèmi pamọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ya ohun tí ó súnmọ́ ju sẹ̀ntímítà 70 lọ, a kò sì lè fi wọ́n ya ohun tí ó jìnnà gidigidi. Èyí tí ó burú jù ni pé fèrèsé kì í ṣe lẹ́ńsì. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ránṣẹ́ pè mí pé kí n ya òun. Mo yà á ní ẹ̀ẹ̀mejìlá. Nínú fèrèsé ó hàn kedere, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún mi. Ìgbà tí mo ń kó ẹrù mi ni mo rí i pé ìdérí ṣì wà lójú lẹ́ńsì. Bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà onídígí ni, òkùnkùn ni ǹ bá rí, ǹ bá sì ti ṣí i. Ó ti rẹ ìyá, wọ́n ti mú un wọlé. Mo ní n óò padà wá ní Sátidé. Kí Sátidé tó pé, ó ti sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá béèrè fọ́tò náà fún ìwé ìsìnkú, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn.

Wọ́n bi mí léèrè pé èé ṣe tí n kò fi ta kámẹ́rà náà. Mo dá wọn lóhùn pé n kò gbàgbọ́ pé ìyá ì bá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún èyí tí ó tóbi. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ìdérí sójú rẹ̀ mọ́. Àpò aṣọ ni mo ń fi í sí.

Bí ẹnìkan nínú yín bá ní irú rẹ̀ nínú àpótí bàbá rẹ̀, kí ó mú un wá kí n wò ó. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa a máa mú kí èbu hù sára lẹ́ńsì, bí a kò bá sì tètè nù ún kúrò, yóò jẹ ojú rẹ̀.