Mẹ́dà Tí Kò Ní Orúkọ Lára: Bí Mo Ṣe Wá Àwọn Nọ́ọ̀sì Ogun Kiri

Ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹni tó ń fọ aṣọ, ẹni tó ki nǹkan bọ etí ní ọ́fíìsì bí ẹni pé iṣẹ́ ló ń ṣe, gbogbo yín ni mo kí. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ japa ni o. Àwọn nọ́ọ̀sì tèmi yìí, ogun ni wọ́n bá lọ.

Fọ́tò kan ló fà mí wọ inú ẹ̀. Obìnrin méjì ni, mẹ́dà tò láyà wọn. Elsie Knocker lorúkọ èkíní, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Mairi Chisholm ni èkejì, ọmọ Skọ́tlándì. Ohun tó dá mi dúró ni pé àwọn kan nínú mẹ́dà wọ̀nyẹn kì í ṣe ti ilẹ̀ wọn. Ọba Bẹ́ljíọ̀m ló fún wọn, ó sì ti fún wọn kí ìjọba tiwọn tó rántí wọn. Mo ní, háà, báwo nìyẹn ṣe jẹ́? Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Iṣẹ́ alẹ́ kan kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lẹ́nu ẹ̀, dátà sì ń lọ.

Ọ̀kadà ló mú àwọn méjèèjì pàdé. Ẹ gbọ́ mi yé o: láyé ìgbà tí obìnrin ò tíì lè dìbò yan aṣòfin ní Ìlú Ọba, ọ̀kadà làwọn wọ̀nyí ń gùn kiri. Elsie ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó tún kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti bí ọmọkùnrin kan, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti kọ ara wọn sílẹ̀. Mairi ò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1914, ogun Jámánì àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ni, wọ́n bá dókítà kan tó ń jẹ́ Hector Munro lọ sí Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó àwọn tó fara gbọgbẹ́.

Ibẹ̀ ni Elsie ti rí nǹkan kan. Ó rí i pé kì í ṣe ọgbẹ́ nìkan ló ń pa àwọn ọmọ ogun yìí, ọ̀nà náà ń pa wọ́n. Wọ́n á gbé èèyàn sínú ọkọ̀, ọ̀nà á máa jù ú sókè sódò, kó tó dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn gba àwọn ojú ọ̀nà wa kan rí mọ ohun tí mò ń wí. Elsie ní kí nọ́ọ̀sì kúkú lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣubú, kó tọ́jú wọn, kí ara wọn balẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, òun àti Mairi kúrò lọ́dọ̀ dókítà náà, wọ́n lọ gba yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé kan ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Pervyse. Láti ibẹ̀ dé kòtò tí ọmọ ogun ń jà nínú ẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 yáàdì lọ. Ìyẹn ò tó ìbúsọ̀ kan sí èkejì ládùúgbò yín.

Inú ihò yẹn ni wọ́n fi ṣe ilé. Wọ́n ń di ọgbẹ́, wọ́n ń se nǹkan gbígbóná fún ọmọ ogun tí òtútù ń pa. Ilé yẹn bàjẹ́ mọ́ wọn lórí, wọ́n kó lọ sí òmíràn, wọn ò kúrò ní Pervyse títí di 1918 tí gáàsì olóró fi lé wọn jáde. Kò sí ìjọba tó ń san owó oṣù fún wọn. Fúnra wọn ni wọ́n ń padà lọ sílé láti tọrọ owó lọ́wọ́ aráàlú. Kódà, ìwé kan jáde nípa wọn ní 1916, The Cellar-House of Pervyse, kí owó lè wọlé. Lónìí, a ó pe ìyẹn ní GoFundMe.

Ó dáa. Ibi tí ìwádìí ti wá le nìyí.

Tí èèyàn bá ń wá nọ́ọ̀sì tó bá Ìlú Ọba jagun àkọ́kọ́ yẹn, ibi tí gbogbo ayé máa ń júwe ni The National Archives ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀n. Wọ́n ní àkójọ kan níbẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ WO 399, fáìlì àwọn nọ́ọ̀sì tó lé ní 15,000 ló wà nínú ẹ̀. O lè wá orúkọ lórí fóònù rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ológun ni fáìlì wọ̀nyẹn wà fún. Elsie àti Mairi ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ara wọn ni wọ́n rán níṣẹ́, àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀m tó wà ní Pervyse ni wọ́n sì so wọ́n mọ́. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ nìkan, tó wá ní "kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀", ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà nù lójú ọ̀nà.

Mẹ́dà gan-an ló là mí lọ́nà. Mẹ́dà ilẹ̀ òkèèrè dà bí ilà ojú: ó ń sọ ibi tí èèyàn ti wá. Ọba Albert Kìíní ti Bẹ́ljíọ̀m fi àmì ẹ̀yẹ Leopold Kejì dá wọn lọ́lá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1915. Ìyẹn sọ ẹni tí wọ́n ń sìn fún mi, ó sì sọ ibi tí ìwé wọn máa wà. Ẹni tó o sìn ló ń kọ orúkọ rẹ sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì tún wà. Ará Ìlú Ọba ò kàn lè gba mẹ́dà lọ́wọ́ ọba mìíràn kó fi kọ́ àyà kiri o. Ọba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń tẹ ìyọ̀ǹda yẹn jáde nínú London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ orúkọ sí i, fi ọdún sí i, kí o ní sùúrù, torí ẹ̀rọ tó ka ìwé àtijọ́ yẹn máa ń ṣi lẹ́tà kà gan-an.

Ìjọba tiwọn ńkọ́? Ó di 1917 kí wọ́n tó fún wọn ní Military Medal, lẹ́yìn tí wọ́n lọ gbé awakọ̀ òfuurufú Jámánì kan tó fara gbọgbẹ́ ní àárín ọmọ ogun méjèèjì, níbi tí ìbọn ti ń dún. Ọ̀tá ni wọ́n gbé o! Ọdún 1916 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mẹ́dà yẹn sílẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ní obìnrin náà lè gbà á. Ká sọ òótọ́, ó dùn mí díẹ̀ pé àjèjì ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń pa olùwádìí. Wọ́n bí Elsie ní Shapter. Ó lọ sílé ọkọ, ó di Knocker. Ní 1916 ó tún fẹ́ awakọ̀ òfuurufú Bẹ́ljíọ̀m kan, ọlọ́lá ni, ó wá di Baroness de T'Serclaes. Obìnrin kan, orúkọ mẹ́ta. Tó o bá wá Knocker nìkan, ìdajì ayé rẹ̀ ti sá mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó tún fi kún un: ó ń sọ fáwọn èèyàn pé ọkọ òun àkọ́kọ́ ti kú sí Java. Ọkọ ò kú! Láyé ìgbà yẹn, ìtìjú ńlá ni kí obìnrin kọ ọkọ, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ kejì, ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ, àṣírí tú, ìgbéyàwó náà fọ́. Òun àti Mairi pàápàá, tí wọ́n jọ sùn nínú ihò kan náà fún ọdún mẹ́ta àbọ̀, wọn ò ṣọ̀rẹ́ mọ́ lẹ́yìn ogun. Ẹ lọ gbọ́ Mairi fúnra rẹ̀. Imperial War Museum gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú ní 1981. Ìwé tó ń kọ sí lójoojúmọ́ lójú ogun wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Kò sí mẹ́dà tó lè sọ fún ọ bí ihò yẹn ṣe ń rùn.

Kì í ṣe Bẹ́ljíọ̀m nìkan. Nọ́ọ̀sì ará Glasgow kan wà, Louisa Jordan, tó bá ọsibítù àwọn obìnrin Skọ́tlándì lọ sí Sáíbíà. Ibà táífọ́ọ̀sì pa á ní Kragujevac ní oṣù Kẹta 1915. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń rántí rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀ gan-an, 2020 ni wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n fi sọ ọsibítù Kòrónà ní Glasgow.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ pé: òyìnbó nìwọ̀nyẹn, tiwa dà? Tiwa wà. Ọmọ ọba ni, ọmọ Ẹ̀gbá ni: Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì. Bẹ́ẹ̀ ni, Aláké yẹn náà, èyí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin Abẹ́òkúta bá fà á lórí owó orí. Adénrelé dé Ìlú Ọba ní 1935. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Guy's ní Lọ́ńdọ̀n, ní 1941 orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ rò ó wò: 1941! Ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí Lọ́ńdọ̀n lálẹ́, ọmọ Aláké wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú aláìsàn.

Ìjọba amúnisìn rí i pé ojú rẹ̀ wúlò. Colonial Film Unit ya fíìmù nípa rẹ̀, George Pearson ló darí ẹ̀, Nurse Ademola ni wọ́n pè é. Wọ́n gbé e wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí àwọn èèyàn wa lè wò ó, kí wọ́n rí i pé ọmọ tiwọn wà nínú ìjà náà. Fíìmù yẹn ti sọnù báyìí. Ẹni tí wọ́n fi ojú rẹ̀ pe gbogbo wa sí ogun, wọn ò tọ́jú ojú náà. Ìwé ló ṣẹ́ kù: àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, fọ́tò mélòó kan, ìwé ìròyìn. Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Tẹ orúkọ tirẹ̀ sí Google kó o rí i bó ṣe máa tú jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun, tàbí tí bàbá àgbà yín lọ jagun Bọ́mà, mo ní ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ gbé mẹ́dà yẹn jáde látinú àpótí. Ẹ wo etí ẹ̀ yípo. Mẹ́dà tí Ìlú Ọba fún àwọn tó ja ogun àkọ́kọ́ sábà máa ń ní orúkọ níbẹ̀. Ti ogun Hítílà, irú Burma Star bẹ́ẹ̀, wọn ò kọ orúkọ sí i lára. Ẹ̀rí pé èèyàn kan lọ ni, kò lè sọ ẹni náà. Àwọ̀ ribọ́ọ̀nù ló máa sọ irú mẹ́dà tó jẹ́, ìwé tó wà nítòsí ẹ̀ ló máa sọ ẹni tó ni ín. Torí náà, ẹ má ya mẹ́dà nípá kúrò lára ìwé. Lẹ́tà tó ti gbó, páálí tí wọ́n kó o sí, fọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn ẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà pọ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ra mẹ́dà nìkan, ẹ ya àwòrán ohun gbogbo kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ orúkọ, ẹ yọ àmì ohùn kúrò. Akọ̀wé tó kọ "Adénrelé" ní 1935 kò mọ àmì kankan. Ẹ gbìyànjú orúkọ bàbá, orúkọ ọkọ, orúkọ ìrìbọmi tí ẹnikẹ́ni ò fi pè wọ́n nílé. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà tó ṣì wà, kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń gba ohùn sílẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ní sá lọ. Ìyá àgbà lè má dúró.

Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa, iwájú, ẹ̀yìn àti etí mẹ́dà náà, ká jọ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta bá sì ní àpótí fíìmù àtijọ́ kan tí ẹnì kankan ò tíì ṣí láti ọjọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù. Ó dàbọ̀ o.