Ènìyàn mẹ́fà láti Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: ọ̀rọ̀ lórí ìbò abẹ́nú tó ń yan Ààrẹ

  Bí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì, fi earpiece sétí dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé kíkà lò ń kà á lórí fóònù, rọra máa bá mi bọ̀.

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìbò abẹ́nú, ìyẹn ìbò tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan ẹni tí yóò gbé àsíá rẹ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kì í kọbi ara sí i. Ìbò gbogboogbò lẹ máa ń dúró dè. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọ́n ti se ọbẹ̀ náà tán. Ohun tó kù fún èmi àti ìwọ ni ká mú ọ̀kan nínú abọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n gbé síwájú wa.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Ọmọ Ìjàgbà ni mí, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ti òṣèlú, òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo gbà gbọ́. Kí ìjọba ṣe ìwọ̀nba ohun díẹ̀, kó sì ṣe é dáadáa. Kó dáàbò bo ẹ̀mí àti dúkìá, kó má fi igi dí ọ̀nà ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ jẹun. Ojú yẹn ni mo fẹ́ fi wo ìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ APC ọdún 2022. Ẹ lè má gbà pẹ̀lú mi. Ẹ ṣáà gbọ́ mi tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò. Fóọ̀mù tí APC tà fún ẹni tó bá fẹ́ díje fún ipò Ààrẹ jẹ́ mílíọ̀nù 100 náírà: mílíọ̀nù 30 láti sọ pé o nífẹ̀ẹ́ sí i, mílíọ̀nù 70 fún fóọ̀mù gan-an. Ti PDP jẹ́ mílíọ̀nù 40. Lọ́dún yẹn, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 30,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, bí kò bá jẹ tí kò bá mu, yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún 277 lọ kó tó lè ra fóọ̀mù kan.

Ẹ tún fi èyí kún un. Owó tí òfin là sílẹ̀ fún Ààrẹ, owó oṣù pẹ̀lú àjẹmọ́nú, jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 14 náírà lọ́dún. Ní ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 56 nìyẹn. Ẹ wò ó: ta ló ń ra iṣu ní 100 náírà láti tà á ní 56? Kò sí ìyá ọlọ́jà kankan ní Ọ̀wọ̀ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ Odigie-Oyegun yẹ olùdíje 23 wò nínú APC nìkan.

Mi ò sọ pé olè ni gbogbo wọn. Ẹlòmíràn ń wá iyì, ẹlòmíràn fẹ́ ṣe rere ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń san lórí ọjà máa ń sọ ohun tó wà nínú ọjà náà. Ẹni tó bá wà ní Aso Rock ló ń yan mínísítà, ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo. Bí wọ́n ṣe ń pín dọ́là, òun ni. Ẹni tí wọ́n máa fún ní ìwé àṣẹ, òun ni. Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Oyin yẹn ló sọ fóọ̀mù di mílíọ̀nù 100.

Ó dáa. Ta wá ni wọ́n tò síwájú pé kó dìbò?

Òfin Ìdìbò tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2022 gba ẹgbẹ́ láàyè láti lo ọ̀nà mẹ́ta: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí aṣojú dìbò fún wọn, tàbí kí gbogbo olùdíje fẹnu kò sórí ẹnì kan. APC mú ti aṣojú. Aṣojú mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, nítorí náà aṣojú 2,322 nìyẹn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe kọ òfin yẹn, ó ti àwọn sẹ́nétọ̀ àti aṣòfin fúnra wọn síta. Wọ́n sáré tún un ṣe, Ààrẹ ò fọwọ́ sí i. Àwọn tó kọ́ ilé náà ló gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú.

Ẹ wá mú un wálé. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, mẹ́ta. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, mẹ́ta. Ènìyàn mẹ́fà ló ṣojú gbogbo àgbẹ̀, tíṣà, ọlọ́kadà, oní-POS, àti gbogbo ọmọ wa tó wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó. Mo ti bi ènìyàn púpọ̀ ní Ìjàgbà pé ta ni àwọn mẹ́fà yẹn. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ méjì fún mi.

Ìwọ náà ronú sí i. Bí mo bá fẹ́ ra ojú rere gbogbo olùdìbò ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, owó mi á tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́fà? Wọ́n gba inú mọ́tò kan. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ EFCC fi lọ dúró síbi ìbò abẹ́nú PDP ní Àbújá, tí ariwo dọ́là fi gba ìlú kan lọ́dún yẹn. Mi ò lè sọ ẹni tó gba nǹkan àti ẹni tí kò gbà. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí agbára ńlá bá wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, ènìyàn díẹ̀ náà ni owó máa wá.

Èsì jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Bola Tinubu ní ìbò 1,271. Rotimi Amaechi ní 316, Yemi Osinbajo ní 235, Ahmad Lawan ní 152. Ẹni tó gba ìbò 1,271 yẹn ló padà di Ààrẹ orílẹ̀-èdè tí àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 93 lọ.

Ẹ jẹ́ ká dẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n pa ènìyàn bí 40, tọmọdé tàgbà. Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó pa á tì, ó padà wálé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àpérò APC wáyé ní Eagle Square.

Mi ò fi òkú àwọn ènìyàn wa ṣe òṣèlú. Ọlọ́run kó dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: iṣẹ́ wo ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba? Ààbò ẹ̀mí ni. Gómìnà ni wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé òfin sọ pé bó bá pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, kọmíṣọ́nà lè ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu Ààrẹ ná. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Lẹ́yìn ìpànìyàn Ọ̀wọ̀, Akeredolu pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà gbé ìbọn tó tó ìbọn. Àṣẹ yẹn, Àbújá ló wà.

Ṣé ẹ rí i? Ìjọba àpapọ̀ kó agbára jọ títí, ó wá di ẹni tó mú ohun gbogbo dání, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé Ọ̀wọ̀.

Ẹ rántí "Èmi ló kàn" tí Tinubu sọ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà yẹn. A fi ṣe àwàdà, a fi kọ sára aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Èdè oyè ni. Ìdílé tó bá kàn ló ń jọba. Kí ló dé tí Gúúsù àti Àríwá fi ń jà sí ẹni tó kàn? Nítorí pé ẹni tí kò bá kàn ń bẹ̀rù pé ebi máa pa òun fún ọdún mẹ́jọ. Bí ẹ bá dín ohun tó wà nínú àwo Ààrẹ kù, tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sì ń se tiwọn, ta ló máa bá ara rẹ̀ jà sí ẹni tó kàn?

Ó ṣeé ṣe o. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n tún ìwé òfin ṣe kí ìpínlẹ̀ lè pèsè iná mànàmáná kó sì pín in. Kò sí ẹni tó kú. Ohun tó ṣeé ṣe fún iná ṣeé ṣe fún ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sílẹ̀ wa. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ Action Group jáde fún gbogbo ayé rí ní oṣù kẹrin ọdún 1951. Òmìnira wà lára ohun tí ẹgbẹ́ yẹn kọ sórí àsíá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọdún 1993. Ìjọba ológun Babangida fúnra rẹ̀ ló dá SDP àti NRC sílẹ̀. Ètò Option A4 dára lápá kan, torí láti wọ́ọ̀dù ni olùdíje ti ń gòkè. Ọ̀nà yẹn ni M.K.O. Abiola gbà dé Jos, tó gba tíkẹ́ẹ̀tì SDP. Ṣùgbọ́n ìjọba tó kọ́ pápá náà ló tún wọ́gi lé ìdíje náà. Ohun tí ìjọba bá fún ọ, ìjọba lè gbà á padà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, ọmọ ẹgbẹ́ paraku ni ní wọ́ọ̀dù wọn. Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún wọn, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, bí ìjọba bá ṣe díẹ̀, ta ni yóò ṣe ọ̀nà wa?" Mo ní, "Bàbá, ìjọba tó súnmọ́ yín tí ẹ lè lọ bá lẹ́nu ọ̀nà ni. Èyí tó wà ní Àbújá kò mọ̀ pé ọ̀nà yín wà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tí o ò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan, ta ló máa gbọ́ ẹ?"

Ìbéèrè tó le nìyẹn, mi ò sì ní fi ẹ̀rín gbá a lọ. Ẹni tó bá gba òmìnira gbọ́ kì í fẹ́ wọ ẹgbẹ́ tó ń lé agbára kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síta, àwọn díẹ̀ ló máa yan fún wa.

Èrò mi rèé. Èkíní, kí òfin gbà kí ènìyàn díje láìsí ẹgbẹ́. Ìwé òfin wa sọ pé kò sí ẹni tó lè di Ààrẹ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ kan fà á kalẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ máa ń gbowó. Èkejì, ẹni tó bá lè fara dà á, kó lọ gba káàdì ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó sì béèrè pé ta ni aṣojú wọn. Orúkọ nìkan, kí a kọ́kọ́ mọ orúkọ. Ẹ̀kẹta, nígbà tí olùdíje bá tún dé, a máa ń bi í pé kí ló máa ṣe fún wa. Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ẹ bi í pé: agbára wo lo máa gbé sílẹ̀ bí o bá débẹ̀?

Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ẹyọ kan, fóọ̀mù mílíọ̀nù 100 ló fẹ́ gba èrè rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ tiyín nísàlẹ̀, kódà bí ẹ bá fẹ́ bá mi jà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.