Ọ̀rọ̀ Lórí Ìkíni Ọdún Láàárín Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń da agbo ilé rú. Kí ni ó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn fi kí ọmọ Ìbàdàn nígbà tí oṣù Disẹ́ḿbà bá dé?

Ní agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnkà, ojú wa ni ó ṣe. Obìnrin kan tí í ṣe Onígbàgbọ́ bu ìrẹsì Kérésìmesì lọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí í ṣe Ìmàle. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọdún, bàbá wa." Bàbá kò dáhùn. Àáfà kan ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tí ó bá dáhùn ti gbà pé Ọlọ́run bí ọmọ. Abọ́ ìrẹsì náà padà sílé bí ó ti lọ. Nígbà tí Iléyá dé lẹ́yìn náà, ẹran kò kọjá ògiri tí ó wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ bàbá kan náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn Ìmàle nìkan ni ẹjọ́ yìí wà. Onígbàgbọ́ ń bẹ tí kì í fọwọ́ kan ẹran Iléyá, ó ní ẹran ìrúbọ ni. Òmíràn a sì máa bínú bí a bá kí i ní "ẹ kú ọdún" lásán, ó ní a fi orúkọ Jésù pamọ́.

A kò fi ìbẹ̀rù àáfà náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó ka ìkíni sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ó yẹ kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkíni Yorùbá kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ipò tí a bá ènìyàn ni a fi ń kí i. A bá a ní ìjókòó, a ní ẹ kú ìjókòó. A dé ilé ọ̀fọ̀, a ní ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ọkùnrin tí kò rọbí rí a máa kí abiyamọ kú ewu. A ń kí aláró ní "àrẹdú o", a kò sì di aláró nítorí rẹ̀. Bí a bá sì fi kún un pé ẹ̀mí yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ẹ̀mí gígùn ni a tọrọ fún ẹni náà. A kò bá a gba ẹ̀sìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "ọdún" pẹ̀lú, oṣù méjìlá ni, àjọ̀dún sì ni. Ọdún ni ti egúngún, ọdún ni Iléyá, ọdún ni Kérésìmesì. Ó ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí David Hinderer tó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851, tí ó sì padà wá tẹ̀dó ní Kúdẹtì pẹ̀lú aya rẹ̀ ní 1853. Lọ́jọ́ Òkè'bàdàn, a ń fi orin bú ara wa láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, a sì ń rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń gba èébú tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìkíni ni a ha fẹ́ máa torí rẹ̀ jà bí?

Irú ìjà yìí ti wà níbòmíràn. Ní 1647 ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de àjọ̀dún Kérésìmesì. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láti 1659 títí di 1681, ṣílè márùn-ún ni owó ìtanràn ẹni tí ó bá ṣe ọdún náà. Onígbàgbọ́ ni àwọn tí ó ṣe òfin wọ̀nyẹn, ẹ kíyè sí i. Ní Amẹ́ríkà kan náà lónìí, wọ́n ń jiyàn bóyá "Merry Christmas" ni kí oníṣòwò fi kí oníbàárà tàbí "Happy Holidays". Ọ̀rọ̀ kan tí yóò gba gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń wá, irú rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu tiwa tipẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa tí ń fi káàdì "Compliments of the Season" ránṣẹ́ sí àgbà tí ó bí wọn, a kò mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀.

Òṣùpá ni àwọn Ìmàle fi ń ka oṣù, nítorí náà ọdún wọn ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún. Ní Disẹ́ḿbà 2000, bí ọjọ́ méjì péré ni ó wà láàárín Kérésìmesì àti ìtúnu ààwẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé ní 2033 wọn yóò tún súnmọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, tí ìtúnu ààwẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 23 Disẹ́ḿbà. Àwọn ọmọ tí ń wò wá nísinsìnyí ni yóò ṣe ọdún méjèèjì náà nínú agbo ilé kan.

Ẹ̀yin mọ́gàjí, ọwọ́ yín ni a fi ọ̀ràn yìí lé, nítorí inú agbo ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó dárúkọ Kérésìmesì tàbí Iléyá, kí ó má dárúkọ wọn; kí ó wí pé "ẹ kú ọdún". Ẹni tí a bá kí, kí ó dáhùn. Ní ti Bẹ́yẹrúnkà, obìnrin náà ti wí fún wa pé òun yóò tún bu ìrẹsì lọ ní Disẹ́ḿbà tí ń bọ̀. Ẹnì kan láti agbo ilé náà wà ní ìjókòó láàárín wa. A bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa jẹ́ iṣẹ́ náà fún bàbá kí ọjọ́ tó pé.