Ìgbà wo lèèyàn ‘disturb’ ẹlòmíì?

Ní ibùdókọ̀ Agboju, lórí òpópónà Èkó sí Badagry, ‘disturb’ kì í wọ́n lẹ́nu èèyàn. Àmọ́ ohun tí kálukú fi ń sọ kò dọ́gba.

Ẹni tó ń kọ̀wé lọ́wọ́ tí ẹ wá pè, ẹ dí i lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó tán. Kọ̀ńdọ́ tó ń fa aṣọ yín pé Mile 2 lẹ ń lọ, ìyẹn ń yọ yín lẹ́nu ni. Ìròyìn burúkú tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ọkàn yín ló dà rú. Ẹni tó tú ọjà tí wọ́n tò kalẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á tún ní ó ‘disturb’ ọjà náà.

Ti òfin ló le jù. LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, fi òdiwọ̀n sí ariwo ládùúgbò tí èèyàn ń gbé: désíbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Jẹnẹrétọ̀ o, ilé ijó o, ilé ìjọsìn o, gbogbo wọn ló kàn. Bí aládùúgbò yín ní Festac bá ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo láago méjì òru, ó ti kọjá ìdílọ́wọ́ lásán. Ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sun LASEPA. Èyí tó kan ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, tó ní ‘sorry to disturb’, pé kẹ́ ẹ bun òun níyọ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu iyọ̀ fún un.