Ìsọ̀ Tí A Tì Pa

Bí mo bá gba Old Market ní Lọ́kọ́ja kọjá lálẹ́, ìsọ̀ títì ni mo máa ń rí. Ọjà ń bẹ nínú wọn, kò bàjẹ́. Àgádágodo ni kò jẹ́ kí a rí i rà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú àwọn jẹjẹrẹ kan: jíìnì tí ìbá kó sẹ́ẹ̀lì níjàánu kò kú, títì ni a tì í. Oògùn azacitidine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2004 fún àìsàn mùdùnmúdùn egungun tí ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, a máa ṣí irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń pín ni ó ń ṣí i, díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ wa kan kọ̀wé sí mi láti òkè òkun pé bàbá òun ti gba abẹ́rẹ́ náà fún oṣù méjì, ọjọ́ méje lóṣù, kò sí ìyàtọ̀. Kí Fadá bá òun sọ fún wọn kí wọ́n dáwọ́ dúró. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn náà kì í wo àìsàn yìí tán pátápátá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2009, ìdajì àwọn tí ó gbà á lò ju oṣù 24 lọ láyé. Oṣù 15 ni ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú mìíràn. Àwọn dókítà a sì máa fẹ́ kí ó tó oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó dájọ́.

Oṣù karùn-ún ni bàbá náà wà báyìí.