Ìrìn-àjò Àjọrìn Kò Gba Àṣírí

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá àwọn ìdílé sọ níbi ìpàdé

Akọ̀wé wa ti gbọ́ pé àwọn ìdílé kan láàárín wa ń gbèrò láti jọ lọ lo ìsinmi ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ní kí n gbà wọ́n nímọ̀ràn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Ìlú Ọba yìí, nítorí náà ẹ má retí pé n ó dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì tí ó dára jù fún yín. Àwa tí a ń rìn náà gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ ń lọ, ẹni tí ìrìn nira fún jù lọ ni gbogbo wọn ní láti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Bí ẹni náà bá wá fi ìnira rẹ̀ pamọ́ ńkọ́?

Kò sí ẹni tí n ó dá lẹ́kun lílọ o. Àwọn kan nínú wa ti lo ogún ọdún níhìn-ín, láti ibi iṣẹ́ dé ilé, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, wọn kò tíì fojú kan ilẹ̀ Faransé tí ó wà ní òdìkejì omi yìí. Ní 2023, ìdílé mi àti ti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, ènìyàn mọ́kànlá, jọ lọ sí Swítsàlandì àti Austríà. Kì í ṣe yìnyín ni ó gbé wa débẹ̀. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ta léèsì ní Gbági, ní Ìbàdàn, fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Lustenau, ní agbègbè Vorarlberg ní Austríà, ni púpọ̀ nínú léèsì tí àwọn òbí wa fi ṣe ìnáwó ti wá. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kó o ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, ọjà náà gbèrú gidigidi. Odò Rhine ni ó pààlà láàárín ìlú náà àti Swítsàlandì, St. Gallen tí àwọn náà gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ bá rí Màmá! Bí ó ti ń fọwọ́ pa aṣọ ni ó ń pe orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Gbági. Obìnrin òyìnbó tí ó ni ìsọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi gègé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ni ó kọ́kọ́ dá wa dúró. Láàárín ènìyàn mọ́kànlá, a ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, ti Ireland, ti Nàìjíríà tí ó ní àṣẹ láti máa gbé Ìlú Ọba títí, àti ti Màmá tí ó wá kí ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ níhìn-ín tó. Pé ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ràn án lọ́wọ́ mọ́ láti ìparí ọdún 2020. Ti aya tàbí ọkọ ọmọ Ireland yàtọ̀: bí wọ́n bá jọ ń rìn, òun kì í san owó físà. Láti oṣù kẹfà 2024, Yúrò 90 ni àgbàlagbà ń san, Yúrò 45 fún ọmọ ọdún 6 títí dé 11, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ tí kò tó ọdún 6. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù ni ẹ ó kọ̀wé sí. Wọn kì í gba ìwé tí ó bá ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìrìn-àjò, ó kéré jù ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15. Ní ti ìyá tí ó wá kí wa láti ilé, físà Ìlú Ọba kò gbé e dé Paris. Èkó ni kí ó ti gba ti Schengen kí ó tó wọ bàálù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ mi ti ṣe fún Màmá, nítorí pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n fẹ́ kí ó ti béèrè fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tíì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá máa wọlé, páásípọ́ọ̀tù náà kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ti ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù 3 ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó jáde. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú tí wọ́n sì ń gba àmì ìka àwa tí a kì í ṣe ọmọ Yúróòpù ní ibodè. Ní ti ìpadàbọ̀, káàdì tí a ń pè ní BRP ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí 2024. Bí o bá gba páásípọ́ọ̀tù tuntun, rí i dájú pé nọ́ńbà rẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ eVisa rẹ kí o tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo obìnrin tí ó tó ìyá ẹni ni Mọ́mì. Aṣọ́bodè kò mọ ìyẹn. Ó bi ọmọ kékeré kan nínú wa léèrè pé ta ni ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì nawọ́ sí obìnrin mẹ́ta! A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ kò bá bá òbí rẹ̀ méjèèjì rìn, ẹ mú lẹ́tà tí òbí tí ó kù fọwọ́ sí, àti ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀. Kí n tó gbàgbé: ẹran díndín tí ẹ ń dì sínú kúlà, ẹ fi í sílé. Wọn kì í jẹ́ kí a kó ẹran tàbí wàrà láti Ìlú Ọba wọ ibẹ̀. Ẹja gbígbẹ kò léèwọ̀.

Ó wá kan ohun tí ó mú mi dìde sọ̀rọ̀ gan-an. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ níhìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, a fẹ́ gun òkè Säntis tí kò jìnnà sí St. Gallen. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,502. Ọkọ̀ tí ń rọ̀ mọ́ okùn irin ni í gbé ènìyàn lọ sókè láti Schwägalp ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ wa nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Àǹtí, SS ni mí. Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí láti àná. Mọ́mì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ìdílé kejì ní ọmọkùnrin kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ìyá yìí kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ di ohun tí a ń sọ kiri. N kò dá a lẹ́bi. Mo mọ bí ẹnu wa ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ti fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tí a ń mí bá ṣe fẹ́lẹ́, bí omi ara bá gbẹ, bí òtútù bá mú ni, ẹ̀jẹ̀ SS a máa tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, a sì dí ojú iṣan. Orí òkè náà ní afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ àti òtútù pọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ti ń dùn ún ṣáájú. Mo pe àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìlú Ọba, wọ́n ní kí ó má gùn ún rárá. Èmi àti òun jókòó sísàlẹ̀, ó lo oògùn ìrora rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀lù Màmá wé e lẹ́sẹ̀, ó ń mu tíì àti omi. Nígbà tí ó fi di alẹ́, ara ti fúyẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní SS ń wọ bàálù láìséwu, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì wọ aṣọ tí ó nípọn. Òkè gíga ni kí a ṣọ́ra fún. Ilé ìṣọ́ Eiffel kò tó nǹkan, mítà 330 ni. Jungfraujoch ní Swítsàlandì jẹ́ mítà 3,454, Aiguille du Midi ní Faransé sì jẹ́ 3,842. Ní irú ibẹ̀, àní ẹni tí ó jẹ́ AS pàápàá, bí inú bá ń ro ó gidigidi ní apá òsì, kí ó tètè sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà.

N kò ní kí ẹ kọ ọ́ sí pátákó. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ẹ jọ ń lọ ni kí ó mọ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ́lẹ́: irú àìsàn tí ó jẹ́, oògùn tí ẹ ń lò, ibi tí ó wà nínú báàgì. Bákan náà ni fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ikọ́ fée. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n burú jù nínú èyí. Ọkùnrin yóò máa gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì ní kọ́lọ́fín, aya rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Ẹ kó oògùn sínú báàgì ọwọ́, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé dókítà, nítorí orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí níhìn-ín lè má jẹ́ ti ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ínsúlínì wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù, ó lè dì. Bí oògùn ìrora bá jẹ́ irú kódéènì tàbí mọ́fíìnì, ẹ bi ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà léèrè kí ẹ tó gbé e. Bí ẹ bá jókòó ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú bọ́ọ̀sì tàbí bàálù, ẹ máa dìde rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ní ẹsẹ̀.

Àṣírí yìí tún ń ba ìnṣọ́ránsì jẹ́. Àwọn kan kì í kọ àìsàn wọn sínú fọ́ọ̀mù nítorí pé owó yóò gòkè. Bí àìsàn ọ̀hún bá wá dé, ilé-iṣẹ́ náà lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀. Káàdì GHIC dára, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ NHS, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gbé aláìsàn wálé. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sórí.

Ọmọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ nígbà náà. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò báyìí.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ tò wá síbẹ̀ bí a bá ṣe tán. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́, n ó wà nínú yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná títí di aago mẹ́fà.