Ọ̀rọ̀ Nínú Gbólóhùn, Ọ̀rọ̀ Nínú Ìdánwò

Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí a mọ àwọn àyàn rẹ̀ káàkiri, ọmọdé onílù mọ̀ pé ohùn kan náà ni dùndún fi ń pe ilé, ọkọ́ àti igbá. Ọ̀rọ̀ tí ó yí wọn ká ni ó ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ṣùgbọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó sí ìdánwò JAMB, níbi tí 60 nínú ìbéèrè 180 ti jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, a gbàgbé.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: ‘The clerk made a grave error.’ Wọ́n ní kí ó mú òdìkejì ‘grave’. Ẹni tí ó há a sórí pé sàréè ni, òkú ni yóò máa wá kiri nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó mọ̀ pé àṣìṣe ńlá ni, tí ó ń kánjú, yóò mú ‘serious’. Èyí ni ó dunni jù, nítorí ó mọ̀ ọ́n.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka gbólóhùn náà tán, kí ó sì wá òdìkejì rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ kí ó tó wo ìdáhùn: àṣìṣe kékeré, ‘minor’. Kí ó wá fi èyí rọ́pò ‘grave’, kí ó tún un kà.